Oko Tí Basheerah Rí

Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a kò bá fàmì sí lè sọ èèyàn di ìyàwó. Basheerah, tíṣà lábúlé kan lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó, ló kọ ọ́ sí ìyá rẹ̀ lórí wásáàpù pé, “Mo ti ri oko.” Oko àgbàdo ló ń sọ. Ó ti sú u láti máa ya ewé ẹ̀gẹ́ sójú pátákó fún àwọn ọmọ tí ẹ̀gẹ́ yí ilé wọn ká. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ló fẹ́ dá sílẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ ebè. Alájì Bùsàrí, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, yọ̀ǹda ilẹ̀ fún wọn, àwọn ọmọ sì ti gbin àgbàdo sí i.

Ṣùgbọ́n ọkọ ni Àlímọ̀t, ìyá rẹ̀, kà n'Ítà Fààjì l'Ékòó. Ọmọ tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ṣé oko àgbàdo ni ìyá rẹ̀ ń retí? Ó bèèrè pé ta ni. Basheerah rò pé olóko ló ń bèèrè, ó ní Alájì Bùsàrí ni, ó sì fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ kí ìyá lè bá òun dúpẹ́. Ìyá tẹ Alájì láago, ó ń pè é ní àna, ó dúpẹ́ títí ọkùnrin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ padà.

Kí Basheerah tó délé fún ìsinmi, ààfáà ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Àwọn ìyá agbo ilé jókòó dí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń kí i ní ìyàwó.

“Màámi, oko ni mo kọ. Farm!”

“Basheerah, má dójú tì mí o! Mo ti sọ fún gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó.”

Basheerah sá wọ balùwẹ̀, ó pe Alájì. Ohùn ọkùnrin náà rọ̀, ìyẹn gan-an ló burú.

“Mi ò ní fi tipátipá fẹ́ ọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ẹbí ni. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti ní kí n gbà á padà, pé àlejò ò gbọdọ̀ dáko níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n gbọ́ pé ìyàwó wa ni ọ́ ni wọ́n dákẹ́. Bí ò bá sí ọkọ, kò sí oko.”

“Ohun tí àwọn ọmọ gbìn ńkọ́, Alájì?”

“Wọ́n á fà á tu.”

Basheerah rántí Hàlímọ̀ kékeré, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, tó ń yà kí ebè tirẹ̀ láràárọ̀ kó tó lọ pọnmi. Ó sunkún. Ó bínú sí ìyá rẹ̀, ó bínú sí fóònù, ó sì bínú sí ara rẹ̀ jù. Kò mọ ibi tí ì bá gbà.

Nígbà tó jáde, Fàrídà, àbúrò ìyá rẹ̀, ti po làálì ìyàwó sínú àwo. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

“Ọwọ́ yìí mà le o. Kò ní mú dáadáa.”

“Ẹ ṣáà lé e, àǹtí,” ni Basheerah wí, ó sì na ọwọ́ kejì. “Ẹ jẹ́ kó tètè gbẹ. Àgbàdo àwọn ọmọ mi ti ń yọmọ.”