Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta Tí Bọ́tìnì Kò Fi Sí Nílé

Òdo ni wọ́n ń pè é. Ìyá rẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ o, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni, àwọn ọ̀dọ́ ajíhìnrere tí ìjọ kó wá sí ilẹ̀ òkèèrè bíi tirẹ̀. Ọdún méjì gbáko ni kálukú fi ń sìn. Tirẹ̀ ti ku oṣù mẹ́ta kó pé, kò sì tíì mú ẹnì kan ṣoṣo wọnú omi ìrìbọmi. Ẹnì kan péré! Lára ògiri ọ́fíìsì alábòójútó wọn, wọ́n kó fọ́tò gbogbo wọn sí i, wọ́n sì ń gún píìnì pupa sábẹ́ fọ́tò ẹni tó bá ti rí ọkàn kan. Píìnì kan ṣoṣo tó wà lára fọ́tò Òdo ni èyí tó gbé fọ́tò náà dúró.

Ẹ má sọ pé ọ̀lẹ ni, nítorí kì í ṣe ọ̀lẹ. Aago mẹ́fà àárọ̀ ló ń jí, òun àti ẹnìkejì rẹ̀, ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé. Òfin wọn ni pé méjì méjì ni kí wọ́n máa rìn, ẹnì kan ò sì gbọ́dọ̀ kúrò lójú ẹnìkejì àfi tó bá fẹ́ wẹ̀. Wọ́n á kàwé, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á jẹ búrẹ́dì àti ẹyin ní ìdúró. Tó bá fi máa di aago mẹ́sàn-án, wọ́n ti wà lójú títì nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti táì, báàjì ìjọ láyà wọn, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn kiri. Ẹlòmíì á ṣílẹ̀kùn, á wò wọ́n láti orí dé bàtà, á sì tì í padà láì la ẹnu. Obìnrin kan da omi ìnulẹ̀ sí wọn lẹ́sẹ̀, ó ní òun ò rí wọn. Irọ́ ńlá, ó rí wọn kedere. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, alábòójútó á pè wọ́n lórí fóònù. "Ilẹ̀kùn mélòó? Ẹ̀kọ́ mélòó? Mélòó ló wọnú omi?" Òdo á ní, "Òdo, sà." Ibẹ̀ lorúkọ ti wá.

Síbẹ̀, kì í ṣe alábòójútó ló ń bà á lẹ́rù jù. Ilé ni. Nínú ìjọ wọn nílé, ọjọ́ tí ajíhìnrere bá dé, wọ́n á ní kó dìde níwájú gbogbo èèyàn kó dárúkọ iye ọkàn tó rí, iye tó bá dá ni ìjọ á sì pàtẹ́wọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ mọ́kànlélógójì fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà tiẹ̀. Ìyá rẹ̀ tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin ìjọ ṣì ń fi ìyẹn yangàn títí dòní. Òdo á máa fojú inú wo ara rẹ̀ tó dìde, tó dárúkọ òdo, tí gbogbo ilé ìjọsìn sì pa lọ́lọ́, tí ìyá rẹ̀ wà nílà iwájú. Ọkàn kan ṣoṣo ló ń tọrọ, kó ṣáà ti kúrò ní òfo.

Orí àtẹ̀gùn ilé kan ni sòkòtò rẹ̀ ti ya nídìí, àjà kẹta. Ó gbọ́ tó ya. Ó ń gbìyànjú láti fi báàgì bò ó nígbà tí ohùn kan sọ láti ẹnu ilẹ̀kùn pé, "Ìwọ, dúró níbẹ̀! Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ̀yin èèyàn Ọlọ́run ṣe ń rìn ni? Ìdí rẹ ń kí gbogbo àdúgbò!"

Bàbá kan ló ń sọ̀rọ̀, ó ti tó ẹni àádọ́rin ọdún, ìwọ̀n télọ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Ó fa Òdo wọlé, ó bọ́ sòkòtò lára rẹ̀, ó sì jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Báyìí ni Òdo ṣe kọ́ bàbá náà ní ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, aṣọ ìnura ló ró mọ́dìí, ìyá kan tó wà nínú ilé náà sì ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Bọ́tìnì ni Télọ̀ ń pe ìyá náà. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, ó mú kóòtù wá kí Télọ̀ bá òun lẹ bọ́tìnì kan mọ́ ọn. "Mi ò tíì rí bọ́tìnì náà lẹ̀ tán," ni Télọ̀ máa ń wí, ìyá á sì fi ọwọ́ gbá a léjìká. Wọn ò ṣègbéyàwó. Ọkọ tó kọ́kọ́ fẹ́ ìyá yìí ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó mọ Télọ̀, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wọlẹ̀ sí, ilé ẹjọ́ sì ní láìsí ọwọ́ rẹ̀ lórí ìwé ìkọ̀sílẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ni obìnrin náà ṣì jẹ́. Télọ̀ àti Bọ́tìnì bí ọmọ obìnrin kan. Ibà pa á lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án.

Ọmọ yìí ló gbé Télọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tí Òdo kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ kẹta, pé ẹni tó bá ṣe ìrìbọmi, tó sì pa òfin mọ́, á tún rí àwọn èèyàn rẹ̀ tó ti kú, Télọ̀ gbé ṣísọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ó ní, "Kí ni gíga rẹ̀ á jẹ́? Ṣé bó ṣe wà náà lá ṣe wà?" Òdo ní bẹ́ẹ̀ ni. Bọ́tìnì dìde lọ sílé ìdáná, wọ́n gbọ́ tó ń sunkún. Láti ọjọ́ yẹn, Télọ̀ ò ní ọ̀rọ̀ méjì. Ó fẹ́ wọnú omi.

Ó wá ku òfin kan. Ọkùnrin àti obìnrin tí wọn ò ṣègbéyàwó, tí wọ́n sì jọ ń gbé, ìjọ ò ní í ṣe ìrìbọmi fún wọn. Kí wọ́n fẹ́ ara wọn tàbí kí wọ́n túká. Òdo mọ̀ ọ́n. Ó fà á títí dé ẹ̀kọ́ karùn-ún kó tó ní, "Bàbá, ẹ̀yin àti ìyá gbọ́dọ̀ yàgò fún ara yín kẹ́ ẹ tó lè wọnú omi."

Télọ̀ ronú díẹ̀. "Ó yé mi," ó ní. "Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, wọ́n ní kí n má fẹnu kan oúnjẹ títí wọ́n fi ṣe é tán. Ìgbà wo ni omi náà?"

"Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, sà."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta!" Télọ̀ yíjú sí Bọ́tìnì. "Ǹjẹ́ o lè fara dà á lọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?"

"Nítorí ọmọ mi?" ni Bọ́tìnì dáhùn. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wo ló pọ̀ níbẹ̀?"

Ẹ gbọ́ o. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí Òdo ti sọ̀rọ̀. Ó rí i pé wọ́n ti ṣì í gbọ́, pé wọ́n rò pé bí ààwẹ̀ ni, tí wọ́n á ṣínu tó bá parí. Ẹnìkejì rẹ̀ náà rí i, ó tiẹ̀ ti la ẹnu, àmọ́ Òdo fi bàtà tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀, ó ní, "Tí omi bá ti parí, màá ṣàlàyé fún wọn. Ọlọ́run á fún wọn lágbára." Ọmọ yẹn gbójú sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n béèrè, Ọlọ́run wo ló rán an níṣẹ́ yẹn? Ẹ̀rù àtẹ́wọ́ ló ń bà á.

Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ ìfọṣọ àwọn ajíhìnrere. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Òdo àti ẹnìkejì rẹ̀ jókòó níwájú ẹ̀rọ ní ilé ìfọṣọ nígbà tí Bọ́tìnì wọlé pẹ̀lú aṣọ àwọn ọmọ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti jìn. Ó ní ilẹ̀ ilé ìdáná lòun ń sùn, àwọn ọmọ náà ò sì mọ̀ ju ariwo lọ.

"Kò burú," ó ní. "Mo ń kà á. Ó ku ọjọ́ mẹ́fà, àbí?"

"Ó ku ọjọ́ mẹ́fà kí wọ́n wọnú omi, mà," ni Òdo dáhùn.

"Ọlọ́run á bù kún ọ, ọmọ mi. Ọkùnrin yẹn ò mọ oúnjẹ í sè. Ó dá mi lójú pé búrẹ́dì lásán ló ń jẹ." Ó ki ọwọ́ sínú báàgì, ó mú ọsàn méjì jáde fún wọn. Òdo jẹ tirẹ̀ tán. Ẹnìkejì rẹ̀ ò jẹ tirẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú náà dé. Alábòójútó ti bi Télọ̀ léèrè ṣáájú pé, "Obìnrin yẹn ńkọ́?" Télọ̀ ní, "Kò sí nílé mọ́, sà." Ó tẹ́ alábòójútó lọ́rùn. Télọ̀ wọ aṣọ funfun tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán, nítorí ó ní èyí tí ìjọ kó fóun, afọ́jú ló rán an. Òdo fúnra rẹ̀ ló rì í bọ omi. Ìgbà tí orí bàbá náà jáde lókè omi, ayọ̀ kún Òdo, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò tíì láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ó ti rí ọkàn kan.

Nínú yàrá ẹ̀yìn, Télọ̀ ń kán tótó, ó sì ń kánjú. "Ó ti parí, àbí? Ẹ jẹ́ kí n máa sáré lọ. Mo ti ní kó máa kó ẹrù rẹ̀ bọ̀, á ti dé báyìí."

"Ta ni?" ni alábòójútó béèrè.

"Bọ́tìnì ni, sà! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti pé."

Alábòójútó wo Òdo. "O ò ṣàlàyé fún bàbá?"

"Mo ṣàlàyé, sà," ni Òdo wí. "Bóyá kò yé wọn ni."

Télọ̀ yíjú sí i. "Ọmọ mi, ìwọ lo sọ pé kí n tó wọnú omi."

"Àti lẹ́yìn omi náà, sà. Títí ayé ni."

"O ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi."

Alábòójútó gbé ọwọ́ lé bàbá léjìká, ó ní, "Ẹ ti jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú èèyàn, bàbá. Tẹ́ ẹ bá gbà á padà, gbogbo ohun tẹ́ ẹ ṣe lónìí, asán ni."

"Ọmọ mi obìnrin ńkọ́?"

"Ẹ ò ní rí i."

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, wẹ́rẹ́, ó sì wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ méjèèjì ló sin Télọ̀ délé. Bọ́tìnì jókòó lórí àtẹ̀gùn tó kángun sí ilẹ̀kùn, àpò ńlá méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti di irun tuntun. "Ẹ wò ó bẹ́ ẹ ṣe tutù!" ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò lè nu orí yín dáadáa ni?" Ó tú ìborùn rẹ̀, ó fẹ́ fi nu orí fún un. Télọ̀ sún sẹ́yìn.

"Wọ́n ní títí ayé ni," ó ní.

"Kí ló jẹ́ títí ayé?"

"Kó o má padà. Wọ́n ní tí mo bá gbà ọ́ wọlé, mi ò ní í rí ọmọ náà mọ́."

Bọ́tìnì kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Ó wo Òdo. Òdo ń wo bàtà ara rẹ̀. Ni ẹ̀rín bá kúrò lójú ìyá náà. Télọ̀ ti ń sunkún, kọ́kọ́rọ́ ò fẹ́ wọ ihò. Ìyá náà ló bá a ṣí ilẹ̀kùn.

"Ẹ wọlé," ó ní. "Òtútù á mú yín. Tẹ́ ẹ bá rí ọmọ wa, ẹ bá mi kí i o."

Télọ̀ wọlé, ó sì tìlẹ̀kùn. Wọ́n gbọ́ tó jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà.

"Gbé ọ̀kan," ni Bọ́tìnì wí fún Òdo. "Orúnkún mi ò gbà méjèèjì." Òdo gbé e, ó wúwo, àjà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n sọ̀kalẹ̀. Nísàlẹ̀, ìyá náà dúró. "Nígbà tí mò ń ka ọjọ́ fún ọ, o ti mọ̀?"

"Mo mọ̀, mà."

Ìyá náà mi orí. Ó gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń lọ. Kò bú u, kò ṣépè fún un. Òdo ì bá fẹ́ kó ṣépè.

Lọ́jọ́ kejì, ó pe ilé, nítorí ọjọ́ Ajé nìkan ni òfin gbà wọ́n láyè láti pè. Gbogbo ẹbí ti pé sídìí fóònù. "Ọkàn kan!" ni ìyá rẹ̀ ń pariwo. "Ṣé ẹ gbọ́? Ọmọ mi ti rí ọkàn kan! Àgbàlagbà pátápátá! Ó dáa, bàbá náà ò níyàwó ni? Ẹ mú ìyàwó rẹ̀ náà wá, kó lè di méjì."

"Kò níyàwó, mà. Ó ń dá gbé ni."

"Ó mà ṣe o! Àgbà tó bẹ́ẹ̀ yẹn? Ẹ máa lọ kí i o, ọmọ mi. Ẹ má jẹ́ kó dá wà."

"A máa lọ, mà," ni Òdo wí. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó padà sílé, kò sì gba àdúgbò Télọ̀ kọjá mọ́ títí tó fi lọ.