Fi Í Sílẹ̀

Kí Beatrice Ọbayẹmí, olùkọ́ni ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì, tó dé pápá ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n ti gba aṣọ nọ́ńbà mọ́kànlá lọ́wọ́ Balkis. Yàhàyá, igbákejì Beatrice, ló gbà á. Ó ká a sí mẹ́rin, ó gbé e sórí bẹ́ǹṣì, ó sì dúró tì í bí ẹni tí wọ́n ní kó ṣọ́ ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀.

"Ta ló ní kí o gbà á?"

"Ọ̀gá Thomas ni, mà. Wọ́n pè mí ní aago mẹ́fà. Wọ́n ní ẹ̀yin náà mọ̀ sí i."

Beatrice gbé aṣọ náà sábẹ́ apá. Ó mọ̀ sí i lóòótọ́.

"Balkis ńkọ́?"

"Ó ti lọ sílé wọn ní Dei-Dei. Kò sunkún o. Ó kàn bi mí bóyá kí òun fọ aṣọ náà kí òun tó dá a padà."

Ìwé tí Ọ̀gbẹ́ni Thomas, olùdarí eré ìdárayá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn ní Kwali, nítòsí Àbújá, fi ránṣẹ́ sórí fóònù Beatrice kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Kí olùkọ́ni kọ àlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kó sì fi í ránṣẹ́ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ìgbìmọ̀ yóò jókòó lé e lórí lónìí. Bó bá jẹ́ pé agbábọ́ọ̀lù ni kò gbọ́ràn, yóò kúrò nínú ẹgbẹ́. Bó bá jẹ́ pé olùkọ́ni ló pàṣẹ, ìgbìmọ̀ yóò wo ìwé àdéhùn olùkọ́ni, èyí tí yóò parí lópin oṣù.

Balkis ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì san owó ilé ìwé, nítorí pé ó ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì fún kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Bí orúkọ rẹ̀ bá kúrò nínú ẹgbẹ́, méjèèjì yóò bá a lọ. Ọdún kan ló kù kó parí ẹ̀kọ́.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta náà, ní gbọ̀ngàn ìṣeré kan ní Wuse, Kwali ní àmì méjìdínláàádọ́ta, Keffi ní mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà ló kù. Bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ ọmọ Keffi kan, ó sì ń yí lọ síbi ìlà, ní iwájú bẹ́ǹṣì àwọn Kwali gan-an. Bó bá kọjá ìlà, ti Kwali ni, eré sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nìyẹn. Balkis wà láàárín bọ́ọ̀lù náà àti nọ́ńbà mẹ́sàn-án Keffi, ọmọbìnrin gíga kan tó yára bí àṣá. Ó fi ẹ̀yìn dí i lọ́nà, ó tẹ eékún, kò jẹ́ kó rí ọ̀nà gbà.

Olùkọ́ni kígbe. Balkis yíjú wò ó, bí ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nọ́ńbà mẹ́sàn-án gba ibẹ̀ kọjá, ó he bọ́ọ̀lù lórí ìlà, ó gbé ẹsẹ̀ méjì, ó jù ú sáwọ̀n. Fèrè dún. Ọ̀kàndínláàádọ́ta sí méjìdínláàádọ́ta.

Ìdíje kẹta nìyẹn tí wọ́n máa fi àmì ẹyọ kan pàdánù láàárín oṣù kan. Ní ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì, Ọ̀gbẹ́ni Thomas na ìka sí gbọ̀ngàn náà. "Ta ló ní kó kúrò níbẹ̀?"

"Mo ní 'Mú un', sà," ni Beatrice wí. "Balkis ni kò gbọ́ràn."

Bó ti ń sọ ọ́, ó dá a lójú. Lọ́jọ́ Àìkú, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ṣì dá a lójú díẹ̀.

*

"Kóòṣì, mo fẹ́ bèèrè nǹkan kan. Ẹ má bínú, mà."

Yàhàyá ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú bọ́ọ̀lù, kò gbójú sókè. Ọmọ Kwali ni, ìyá rẹ̀ ń mọ ìkòkò. Ní Ìlọrin ló ti kàwé, ibẹ̀ ló sì ti kó Yorùbá rẹ̀.

"Bèèrè."

"Ẹ ní 'Mú un' lẹ kígbe. Ẹ̀gbẹ́ yín ni mo jókòó sí. Yorùbá mi kò tó nǹkan o, àmọ́ 'sílẹ̀' ni mo gbọ́."

"Gbọ̀ngàn yẹn ń pariwo."

"Ó ń pariwo, mà." Ó tẹ bọ́ọ̀lù náà wò bóyá ó ti le. "Mo ti ń rò ó láti àná. Ká ní 'Fi í sílẹ̀' ni. 'Í' yẹn, ta ni? Bọ́ọ̀lù ni àbí ọmọbìnrin yẹn?"

Beatrice yíjú sí pápá.

Òun ló gbé òfin náà kalẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn pé Yorùbá ni kí wọ́n máa fi pe ara wọn lórí pápá. Àwọn tí wọ́n ń bá díje kì í gbọ́ ọ, nígbà tí mẹ́sàn-án nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ méjìlá wá láti ilé Yorùbá. Ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba lèyí tó pọ̀ jù, tí wọ́n bí s'Ábújá. Wọ́n gbọ́ èdè náà ju bí wọ́n ṣe lè sọ ọ́ lọ. Nítorí náà ló ṣe yan ọ̀rọ̀ kúkúrú kúkúrú, tó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìtumọ̀ kan péré. "Mú un": dúró ti ẹni tí ò ń ṣọ́. "Ẹ kó wọlé": gbogbo yín, ẹ padà sábẹ́ àwọ̀n. "Fi í sílẹ̀": kúrò lára ẹni tí ò ń ṣọ́, sáré lọ ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ní ìdánrawò, ẹni tó bá fi ìtumọ̀ tí wọ́n ń lò nílé gbọ́ ọ yóò sáré yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Inú àwọn òbí dùn. Bàbá kan láti iléeṣẹ́ ìjọba kan tilẹ̀ kọ̀wé dúpẹ́ pé ọmọ òun ti ń kí ìyá àgbà lórí fóònù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "Mú un" ló fi ń dágbére.

Bọ́ọ̀lù ni Beatrice ń wò lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Bọ́ọ̀lù ló fẹ́ kí wọ́n jẹ́ kó lọ. Ó wá kígbe bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń kígbe "Fi í sílẹ̀" fún ọmọ tó fẹ́ he nǹkan nílẹ̀.

Àbí kò kígbe bẹ́ẹ̀?

"Hadassah ya á sí fóònù," ni Yàhàyá wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Hadassah, agbábọ́ọ̀lù tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tó sì fi bẹ́ńdéèjì jókòó wo eré lọ́jọ́ náà, rẹ́rìn-ín nígbà tí olùkọ́ni béèrè fídíò náà. "Ohùn yín ló pọ̀ jù níbẹ̀, mà. Màmá mi ní ṣé ìjà ni."

Beatrice wọ yàrá tí wọ́n ń kó àwọn bọ́ọ̀lù sí, ó ti ilẹ̀kùn. Ó wo ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà náà lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án. Ohùn náà mọ́ gaara: *Fi í sílẹ̀!* Ìyẹn kọ́ ló mú kó jókòó sórí àpótí. Ọwọ́ rẹ̀ ni. Balkis yíjú sí i, ojú rẹ̀ ń béèrè, kedere, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Olùkọ́ni sì gbé ọwọ́ sókè, ó jù ú sí ẹ̀gbẹ́ kan: kúrò. Bọ́ọ̀lù ló ń jùwọ́ sí. Ṣùgbọ́n Balkis ni ó wà níbi tí ọwọ́ náà kọjú sí.

*

Ó wọ bọ́ọ̀sì kékeré dé Zuba, ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá dé Dei-Dei. Aago méjì ààbọ̀ ti kọjá. Láàárín àwọn ọkọ̀ tí ń já igi àti sìmẹ́ńtì, ó béèrè ṣọ́ọ̀bù Alhaji Mùíbì, bàbá Balkis, oní-páànù, ará Ìlọrin. Lójú ọ̀nà, ó ti kọ gbólóhùn mẹ́ta sórí fóònù, ó sì ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Àlàyé kan wà tí kì í ṣe irọ́ pátápátá: ariwo pọ̀, ọmọ náà ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Ó lè gba àwọn méjèèjì là. Ó sì lè jẹ́ pé òun nìkan ni yóò gbà là.

"Kóòṣì!" Mùíbì dìde láti orí ìjókòó rẹ̀. "Ẹ káàbọ̀ o. Ṣé páànù lẹ wá rà ni, àbí ẹ tún wá gba ṣòkòtò rẹ̀ mọ́ aṣọ?"

"Bàbá, ẹ káàsán, sà."

"Mò ń ṣeré ni. Ẹ jókòó." Ó fi aṣọ ìnuwọ́ nu àga. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ẹ sọ pé ọ̀lẹ ni ọmọ mi, n ó gbà. Ẹ sọ pé ó ń jẹun jù, èmi gan-an ni n ó ṣe ẹlẹ́rìí. Àmọ́ wọ́n ní kò gbọ́ràn. Balkis! Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, mo ní kó má kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó yá, mo gbàgbé, mo ní kó lọ ra iyọ̀. Ẹ mọ ibi tí mo ti bá a? Ẹsẹ̀ kan nínú, ẹsẹ̀ kan níta, ó ń sunkún. Kai! Ẹni tí ẹ wá ń pè ní aláìgbọràn nìyẹn?"

Balkis ti yọ láti ẹ̀yìn òkìtì páànù, ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, mà."

"Dìde. Jókòó." Beatrice gbọ́ bí ohùn ara rẹ̀ ṣe gbẹ. "Kí lo gbọ́ lọ́jọ́ Sátidé?"

"'Fi í sílẹ̀', mà."

"O wojú mi. Kí ló dé?"

Balkis wo bàbá rẹ̀, ó wo ilẹ̀. "Nítorí pé kò bọ́gbọ́n mu, mà."

"Hẹ̀n," ni Mùíbì wí.

"Mo ti dí i lọ́nà. Bọ́ọ̀lù ń jáde lọ. Mo ní rárá, ó ní láti jẹ́ pé ẹ rí nǹkan tí mi ò rí."

"Kí ló wá dé tí o kò sọ fún Ọ̀gá Thomas?"

"Ẹ̀yin ti sọ tiyín, mà." Ó ń fi ìka họ ìpẹtà lára páànù kan. "Ṣé kí n wá pè yín lónírọ́ ni?"

Níta, ẹnìkan ń ka ìdì páànù sókè ní Hausa, ẹnì kejì ń bá a jiyàn. Beatrice kò gbọ́ iye tí wọ́n kà dé. Ìdíje ti Lokoja ló ń rántí, ti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn: mọ́kànlélọ́gọ́ta sí méjìlélọ́gọ́ta. Ó ní kí wọ́n kó wọlé. Olúwadémiládé, ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀, kó wọlé. Ẹni tó fi sílẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán ju bọ́ọ̀lù wọlé. Nínú ìròyìn tí Beatrice kọ, ó ní "àwọn ọmọ kò dúró sí ipò wọn." Ti àkọ́kọ́ ńkọ́, mẹ́rìnléláàádọ́ta sí márùn-úndínlọ́gọ́ta? Ó ní kí wọ́n di bọ́ọ̀lù mú kí àkókò lọ. Wọ́n dì í mú. Àkókò lọ tán kí wọ́n tó jù ú. Ó kọ ọ́ pé "wọ́n lọ́ra."

Ìdíje mẹ́ta. Kò sí ìkankan nínú wọn tí wọ́n kò ti ṣe ohun tó sọ gan-an.

Ó yọ fóònù. Lórí ìdì páànù ni ó gbé ọwọ́ lé, ó sì kọ ọ́ bí ẹni tí àkókò ń lé: *Èmi ni mo pàṣẹ. Bọ́ọ̀lù ni mo ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fi kọ́ wọn pé kí wọ́n kúrò lára ẹni tí wọ́n ń ṣọ́ ni mo lò. Balkis fojú bi mí, mo fi ọwọ́ dá a lóhùn. Ó gbọ́ràn. Ohun tí mo sọ fún yín lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kì í ṣe òótọ́.* Ó so fídíò náà mọ́ ọn. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú méjìdínlógójì.

Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí Ọ̀gbẹ́ni Thomas fi pè.

"Beatrice, ṣé o ka ohun tí o kọ yìí kó o tó fi í ránṣẹ́?"

"Mo kà á, sà."

"Aago mẹ́rin kò tíì lù. Mo lè ṣe bí ẹni tí kò rí i. O lè kọ òmíràn."

Balkis ti dìde, ó ń bá bàbá rẹ̀ ti ìdì páànù kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn méjèèjì ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Beatrice kẹ̀yìn sí wọn. Ó rò ó pé lópin oṣù, kò mọ ohun tí òun yóò máa dìde lọ ṣe ní aago méje àárọ̀.

"Ẹ bá mi kà á fún wọn, sà."

Ọ̀gbẹ́ni Thomas mí kanlẹ̀. "Ó dáa. N ó kà á. Ohun tí wọ́n máa sọ, n kò mọ̀ ọ́n."

Mùíbì ra omi tútù fún Beatrice. Kò dúpẹ́, kò sì bínú. Ó kàn ṣí ìdérí ìgò náà kó tó gbé e fún un. Aago mẹ́rin lù. Aago mẹ́rin ààbọ̀ kọjá. Bàbá àti ọmọ lọ kírun Alásárì, wọ́n padà wá bá a lórí àga kan náà.

Ní aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Yàhàyá pè.

"Kóòṣì, ìgbìmọ̀ ti jáde."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọn kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ọ̀gá Thomas wọ mọ́tò wọn lọ. Àmọ́ akọ̀wé ṣì wà ní ọ́fíìsì, ó ní kí n má tíì lọ, lẹ́tà kan wà tí n ó mú dání."

"Lẹ́tà mélòó?"

"Kan ṣoṣo, mà. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́."

Beatrice dìde dúró. Balkis ń wò ó láti ẹ̀yìn páànù.

"Orúkọ ta ló wà lórí rẹ̀?"

Yàhàyá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní òun kò tíì rí i.