Òmìrán Méjì Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn

Olùkọ́ obìnrin tó ń kọ́ àwa àgbàlagbà ní ìwé ní ìrọ̀lẹ́ ló kọ́kọ́ sọ èyí fún mi. Ọjọ́ náà ni mo bi í léèrè pé kí ni àmì kéékèèké tí à ń fi sórí ọ̀rọ̀ wúlò fún, nígbà tó jẹ́ pé ẹnu ẹni ti mọ ohun tó fẹ́ pè. Ó gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ìyá mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe ẹ̀gbọ́n mi fún yín."

Òpìtàn ni gbogbo ilé wọn ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin yìí, nítorí pé ìtàn ni iṣẹ́ rẹ̀. Láti kékeré, bí àwo bá fọ́, àwọn yòókù á máa wá ẹni tó fọ́ ọ, òun á máa béèrè ẹni tó rà á. Nígbà tó jáde ilé ìwé gíga, ìtàn àdúgbò ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó kọ ìwé lórí kànga mẹ́rin tó wà ní òpópónà kan ṣoṣo, ìwé náà sì nípọn bí búlọ́ọ̀kù. Ìyàwó rẹ̀ kà á dé kànga kejì, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó ṣiṣẹ́ ní ilé tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí. Òun ló ń kọ bébà kékeré tí wọ́n ń fi sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò àti àga. Ó ṣiṣẹ́ ní ibùdókọ̀ ojú irin, ó kọ ìtàn àwọn aago tó wà níbẹ̀, títí kan èyí tí kò ṣiṣẹ́ rí. Ṣùgbọ́n gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí, iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ ni. Ọdún kan níbí, oṣù mẹ́jọ lọ́hùn-ún. Ogún ọdún gbáko ló fi ń gbé páálí ìwé kiri bí ológbò tó ń gbé ọmọ rẹ̀ kiri.

Ìgbà náà ni wọ́n gbà á sí igbó ìjọba, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹranko àti igi, tí àlejò sì máa ń wá wò. Obìnrin ni ọ̀gá ibẹ̀. Màdáàmù Fáìlì ni wọ́n ń pè é, nítorí kì í rìn láìfi fáìlì sábẹ́ apá. Ó sọ fún Òpìtàn pé, "Kọ ìtàn igbó yìí sórí pátákó fún mi. Ohun tó máa jẹ́ kí àlejò dúró, kó ya fọ́tò, kó tún pe ará ilé rẹ̀ wá ni mo fẹ́. Lọ́jọ́ tí a bá ṣí aṣọ lójú pátákó àkọ́kọ́, n ó bu ọwọ́ lu lẹ́tà rẹ. O di tiwa nìyẹn, títí wàá fi fẹ̀yìn tì."

Olùkọ́ wa ní ẹ̀gbọ́n òun pe òun lórí fóònù, ó ń pariwo. "Àbúrò mi, títí n ó fi fẹ̀yìn tì o! N kò ní di páálí mọ́!"

Ó wá ìtàn títí. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù kan tí èkúté ti jẹ ìdajì rẹ̀, ó rí ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀ṣọ́ tó kọ́kọ́ ṣọ́ igbó náà. Bàbá náà ti kú tipẹ́. Ó kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi àmì kankan sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò fi àmì tó-tó sísàlẹ̀ lẹ́tà kankan. Ní ojú ìwé kan, ó kọ ọ́ báyìí:

"Laaro yii, oko aburo mi obinrin sonu leti apata. O mu pupo. A wa a titi, a ko ri i. Omo naa sunkun. Mo ni ko dake, n o wa omiran fun un."

Òpìtàn kà á, ojú rẹ̀ rọ̀. Ọkọ àbúrò ẹ̀ṣọ́ ló sọnù sínú igbó! Ọkùnrin náà mu ọtí púpọ̀, kò mọ ọ̀nà mọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó sì ṣèlérí láti wá òmìrán, ọkùnrin gìrìwò kan, láti fi rọ́pò ọ̀mùtí náà. Ó fò sókè débi pé orí rẹ̀ gbá ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù.

Olùkọ́ wa bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé àbúrò ẹ̀ṣọ́ yẹn ṣì wà láyé? Ẹ ò ṣe lọ bá a?"

"Ó wà. Mo ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ránṣọ. Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́rìí sí. Òun náà nìyí, kà á."

Òpìtàn kọ: "E kaaro ma. Se looto ni oko yin sonu leti apata nigba naa?"

Ìyá náà ní kí ọmọ òun dáhùn: "Beeni o. O dun mi wo egungun."

"Won ni o mu pupo, ma."

"A! O mu ju. Ojo kan, o fere ge mi lese."

Òpìtàn ní, "Ṣé o rí i? Ọtí burúkú gbáà."

Ó tún kọ: "Se egbon yin pada wa omiran fun yin?"

"O wa a. Meji lo mu wa. Mo n lo ikan, mo fi ikan pamo."

Olùkọ́ wa ní nígbà tí òun ka ibẹ̀, òun fi fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, irú obìnrin wo lèyí?"

"Obìnrin ayé àtijọ́ nìyẹn," ni Òpìtàn wí. "Àwọn yẹn lágbára."

Òpìtàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ náà sórí pátákó, ó ń fi àmì sí i bó ṣe kà á. Kí pátákó tó parí, ìtàn ti tàn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ń mú àlejò lọ síbẹ̀, wọ́n sọ àpáta náà ní Àpáta Opó. Àwọn obìnrin ń fi ọwọ́ kàn án, wọ́n ń mi orí. Ọkùnrin kan wá, ó ń wá ojú ẹsẹ̀ òmìrán nínú ẹrẹ̀, ó rí ti ẹfọ̀n, ó ya fọ́tò rẹ̀ lọ sílé. Inú Màdáàmù Fáìlì dùn débi pé ó gbàgbé fáìlì sórí àga lẹ́ẹ̀kan.

Ọjọ́ pé. Wọ́n to àga síwájú àpáta, wọ́n fi aṣọ bo pátákó. Òpìtàn wọ bàtà tuntun. Olùkọ́ wa náà wá láti bá a yọ̀. Àbúrò ẹ̀ṣọ́, ìyá àgbà tó sunkún nínú ìwé àtijọ́ yẹn, wá pẹ̀lú, torí Òpìtàn ló pè é. Bàbá àgbà kúkurú kan tẹ̀ lé e, ó gbé àpò rẹ̀ lọ́wọ́. Òpìtàn rò pé aládùúgbò rẹ̀ ni. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó ń wo ẹ̀yìn wọn bóyá ẹlòmíràn ń bọ̀.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Àwọn méjèèjì ńkọ́?"

"Àwọn méjì wo, ọmọ mi?"

"Àwọn tí ẹ̀gbọ́n yín wá fún yín."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Wọ́n wà nílé, lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

"Ẹ fi wọ́n sẹ́yìn ilẹ̀kùn?"

"Níbo ni kí n fi wọ́n sí, orí àga àlejò?"

"Ṣé wọn ò ní bínú, mà?"

Ìyá wò ó láti orí dé bàtà tuntun. "Ọ̀kan ti dípẹtà. Èkejì ò ní igi mọ́. Kí ni wọ́n fẹ́ fi bínú?"

Òpìtàn wo pátákó tí aṣọ bò. Ó rọra béèrè, "Mà, kí ló sọnù gan-an lọ́jọ́ náà?"

"Ọkọ́ mi ni. Ọkọ́! Èyí tí à ń fi ro oko. Ó mú bí abẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun á wá òmíràn fún mi, ó sì wá méjì."

Kí Òpìtàn tó yíjú padà, bàbá kúkurú ti ki orí bọ abẹ́ aṣọ tó bo pátákó, ó ń kà á sókè. "'Ọkọ àbúrò mi obìnrin sọnù.' Ìyá wọn! Ọkọ wo lo ní ṣáájú mi?"

"Mi ò ní ọkọ kankan ṣáájú yín."

"A jẹ́ pé èmi ni mo sọnù. 'Ó mu púpọ̀.' Mu kí ni? Tíì? 'N ó wá òmìrán fún un.' Òmìrán kẹ̀?" Ó yọ orí jáde, fìlà rẹ̀ ti ṣubú. "Ta ló kọ èyí? Ṣé mo ti kú, tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi?"

Ìyá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ẹ ò kú o. Wọ́n kàn ń fi òmìrán pààrọ̀ yín ni."

Olùkọ́ wa fa apá aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ojú ṣì ń tì í láti sọ ọ́ fún wa. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ panu mọ́ títí wọn á fi bu ọwọ́ lu lẹ́tà yẹn. Tó bá dọ̀la, ẹ lè tún un ṣe. Ogún ọdún, ẹ̀gbọ́n mi!"

Ṣùgbọ́n Màdáàmù Fáìlì ti dé ẹ̀yìn wọn, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò bínú. Ó yọ lẹ́tà jáde, ó ṣí bíírò. "Ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà," ló wí. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà kí ẹ sọnù. Òpìtàn, bọ́ síbí kí n bu ọwọ́ lù ú. Ta ló máa wọ mọ́tò wákàtí mẹ́ta wá wo ibi tí ọkọ́ ti sọnù?"

"Èmi," ni Òpìtàn wí.

"O ní kí ni?"

"Mo ní èmi á wá, mà." Ó lọ sí ìdí àpáta níbi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ kó ọ̀dà sí, ó mú búrọ́ọ̀ṣì. Ó ká aṣọ náà kúrò fúnra rẹ̀, lójú gbogbo àlejò. Ó fi ọ̀dà funfun pa orúkọ Àpáta Opó rẹ́ lórí pátákó. Ó fi àmì òkè sórí ọkọ, ó di ọkọ́. Ó fi òmíràn sórí mu, ó di mú. Òmìrán ló dà á láàmú. Ó pa àmì méjì rẹ́, ó tún wọn kọ síbi tó yẹ, ó di òmíràn. Ọ̀dà ta sí bàtà tuntun. Àwọn àlejò kà á, ẹ̀rín bú jáde. Ọkùnrin tó ya fọ́tò ojú ẹsẹ̀ ẹfọ̀n wà níbẹ̀. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Màdáàmù Fáìlì dé bíírò rẹ̀. Ó dá lẹ́tà padà sínú fáìlì, ó rọra tẹ́ ẹ bí ẹni ń tẹ́ ọmọ sùn. "O ti rí ara rẹ báyìí?"

Òpìtàn ò rí ara rẹ̀. Ìyá ń bi í pé kí ni ẹ̀gbọ́n òun tún kọ sínú ìwé yẹn, ó sì ti ṣí i. "Ó ní òun rí 'agbon' ńlá kan lórí igi, mà. Àgbọn ni mo kọ ní tèmi."

"Àgbọn kẹ̀! Agbọ́n ni o! Ó ta á, ojú rẹ̀ wú fún ọ̀sẹ̀ kan."

"Ẹ wò ó, mà, igba ojú ìwé ló kù."

Bàbá kúkurú ní, "Wá sílé wa, kí á jọ kà á. Mo máa se tíì. Kí o wá wo ohun tí mò ń mu."

Òpìtàn fi ìwé náà lé ẹ̀ṣọ́ géètì lọ́wọ́, ó rí i pé kò yẹ kó fi sílẹ̀, ó buwọ́ lùwé pé òun yá a, ó gbà á padà. Ó tẹ̀ lé wọn. Olùkọ́ wa ní òun pè é, Màdáàmù pè é pé bó bá jáde ní géètì yẹn, kó má padà mọ́. Ó ti tẹ̀ sọ́dọ̀ ìyá àgbà náà, ó ń béèrè èwo nínú ojú ló wú, ọ̀tún ni àbí òsì. Wọ́n jáde ní géètì, kò sì bojú wẹ̀yìn.