Orúkọ Ìyá Mi Nínú Ìwé Àwọn Tí A Gbà Wọlé

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó kẹ́yìn oṣù Kejì, mo rí orúkọ ìyá mi láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tí yunifásítì wa gbà wọlé.

Mo kọ́kọ́ rò pé ojú ló ń ṣe mí. Mo bọ́ gíláàsì ojú mi, mo nù ún, mo tún gbé e wọ̀. Ma Bong-nyeo. Ọdún 1951 ni wọ́n bí i. Àdírẹ́sì: ilé wa gan-an, lẹ́yìn pósọ́fíìsì. Ìyá mi tó jẹ́ pé ìwé mẹ́rin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló kà tí wọ́n fi mú wọn lọ sílùú Daegu, níléeṣẹ́ àwọn tó ń ṣe wíìgì!

Pyo Gyeong-ran ni orúkọ mi. Ọdún kẹtàdínlógún mi nìyẹn ní ọ́fíìsì ìgbaniwọlé Yunifásítì Seolmi, yunifásítì aládàáni tó wà lórí òkè nílùú Cheongok. Nígbà tí mo débẹ̀, èèyàn mẹ́fà ló ń du àga kan. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, àwọn ìyá á wá lẹ súìtì tó ń fà yọ̀ọ̀ mọ́ géètì wa, kí ọmọ wọn lè lẹ̀ mọ́ ilé-ìwé bẹ́ẹ̀. Àwa la máa ń fi ọ̀bẹ ha á kúrò lọ́jọ́ kejì.

Ìgbà yẹn ti lọ. Àwọn èèyàn ò bímọ mọ́, àwọn tí wọ́n sì bí ti wọ ọkọ̀ lọ sí Seoul. Ìwé ẹ̀rí girama nìkan ló kù tí à ń béèrè. A ò wo máàkì, a ò pe ẹnikẹ́ni wá kó wá fojú kojú pẹ̀lú wa. Bí wọ́n bá bi mí nílé pé irú èèyàn wo là ń gbà, màá ní, "Ẹni tó bá ti ní ẹsẹ̀ méjì."

Àga irínwó ó lé ọgbọ̀n la ní láti fi èèyàn kún lọ́dún yẹn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, igba ó lé méjìlélọ́gọ́ta èèyàn péré ló ti forúkọ sílẹ̀. Iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ sì ti kìlọ̀ pé ilé-ìwé tí kò bá kún tó ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, àwọn ò ní fún un lówó mọ́. Mo gbé ìbànújẹ́ lọ sílé. Nígbà tí mo tan kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ Ajé, iye wọn ti di irínwó ó lé mọ́kàndínlógún. Láàárín ọjọ́ méjì tí ẹnikẹ́ni ò wá síbi iṣẹ́! Ẹ̀ka Ìtọ́jú Àgbàlagbà, tí a dá sílẹ̀ fún àwọn tó ti dàgbà, tí ẹyọ ẹnì kan ò tíì forúkọ sí lọ́jọ́ Ẹtì, ti ní èèyàn mọ́kànlélógójì. Ìyá mi ni ẹni kẹtàdínlógójì wọn.

Mi ò kan ilẹ̀kùn kí n tó já wọ ọ́fíìsì ọ̀gá wa, Tak Sang-gu. Kọfí ló ń mu.

"Ọ̀gá, kí lẹ fẹ́ fi orúkọ ìyá mi ṣe?"

Ó dìde, ó rọra ti ilẹ̀kùn. Mo rò pé ó máa bínú, àfi bó ṣe bú sẹ́rìn-ín.

"Pyo! Mo rí àdírẹ́sì ilé yín. O ṣeun, o ṣeun gan-an ni. Mo ti ń rò ó pé báwo ni mo ṣe máa bá ọ sọ ọ́, àṣé ìwọ ti mú èèyàn tìrẹ wá."

"Èèyàn tèmi? Lọ́nà wo?"

"Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mú èèyàn mẹ́ta-mẹ́ta wá, àwa òṣìṣẹ́ mú méjì-méjì. Ìyàwó mi wà níbẹ̀. Bàbá ìyàwó mi náà wà níbẹ̀, bàbá tí kò mọ̀yàtọ̀ yunifásítì sí ilé ìwòsàn mọ́. Kò sí wàhálà. Ilé-ìwé ló ń bójú tó owó wọn. Tí ìjọba bá ti ka orí wa tán lóṣù Kẹrin, oníkálukú á kọ̀wé pé òun ò ṣe mọ́."

Mo di ẹ̀yìn àga mú. Orúkọ kan ṣoṣo ni mo rò pé wọ́n jí. Àṣé gbogbo ilé náà ló ti jó, èéfín ni mo rí.

"Èmi kọ́ ni mo mú un wá, ọ̀gá."

Ẹ̀rín rẹ̀ dá. "Ìwọ kọ́?"

"Èmi kọ́. Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin?"

"Èmi? Níbo ni mo ti mọ ìyá rẹ?"

Ọ̀gá Tak fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀ ṣí, ó tú àwọn àpòòwé inú rẹ̀, ó na ọ̀kan sí mi. Fọ́ọ̀mù ló wà nínú rẹ̀, ọwọ́ ìyá mi ló sì kọ ọ́: lẹ́tà ńláńlá tó tẹ̀ sápá òsì, bí wọ́n ṣe máa ń kọ déètì sára ìkòkò kimchi, ẹ̀fọ́ kíkan tí à ń tọ́jú pa mọ́. Ìwé kan tún wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló fi jẹ́rìí pé Ma Bong-nyeo yege nínú ìdánwò àwọn tí kò láǹfààní àtilọ sí girama. Mo gbé òǹtẹ̀ pupa rẹ̀ síbi iná. Ojúlówó ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń yẹ irú rẹ̀ wò.

"Háà," ni Ọ̀gá Tak wí, bí ẹni tí òkú kí káàárọ̀, "èèyàn gidi ni!"

Nígbà tó di ọ̀sán, mo sáré lọ sílé. Màmá jókòó sílẹ̀, wọ́n ń ṣa ìdọ̀tí kúrò nínú ẹ̀wà sóyà.

"O mà tètè dé," wọ́n ní. "Ṣé wọ́n ti lé ọ ni?"

"Màámi, níbo lẹ ti rí ìwé ẹ̀rí girama?"

Ọwọ́ wọn dúró nínú ẹ̀wà. "Níbo ni wọ́n ti máa ń rí i? Mo kàwé, mo ṣèdánwò."

"Nígbà wo?"

"Lọ́jọọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀."

"Àwọn ọjọ́ tí ẹ ń lọ gba ìtọ́jú orúnkún?"

"Orúnkún wo? Orúnkún mi le ju tìrẹ lọ."

Ọdún mẹ́rin ni mo fi ra ìpara orúnkún! Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì ni ìṣirò gbé àwọn ṣubú, ẹ̀ẹ̀kẹta làwọn fi borí rẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Kí n sọ fún ọ, kí o wá fi mí rẹ́rìn-ín? Ìwọ kọ́ lo sọ ọ́ nídìí oúnjẹ, níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ, pé ẹni tó bá ti ní ẹsẹ̀ méjì lẹ̀ ń gbà? Mo wolẹ̀, mo ka tèmi, mo rí i pé ó pé, mo bá fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ ní pósọ́fíìsì."

Mi ò sọ fún wọn pé orúkọ lásán ni ogójì tó kù ní ẹ̀ka náà. Wọ́n ti ra báàgì. Wọ́n gbé e jáde láti inú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n fi hàn mí, ìwé àjákọ mẹ́rin ti wà nínú rẹ̀.

Mo padà síbi iṣẹ́. Ọ̀gá Tak dúró lẹ́yìn mi, mo tẹ bọ́tìnnì, orúkọ irínwó ó lé mọ́kàndínlógún lọ bá ìjọba. Mo ń sọ fún ara mi pé bí mo bá kọ̀, wọ́n á ti ẹ̀ka náà pa, ìyá mi ò sì ní ríbi kàwé. Irọ́ ni. Iṣẹ́ mi ni mo ń dáàbò bò.

Oṣù Kẹta dé, ilé-ìwé wọlé. Nígbà tí mo dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, Màmá ṣì wọ kóòtù, báàgì wà lórí itan wọn.

"Àga mọ́kànlélógójì," wọ́n ní. "Èmi nìkan ni mo jókòó."

Mo jókòó tì wọ́n.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n wọlé, ó ń pe orúkọ. Ó pe èkíní, kò sẹ́ni tó dáhùn, ó sàmì sí i pé ó wà. Ó pe èkejì, ó tún sàmì. Nígbà tó kàn mí, mo ní, 'Mo wà ńbí, sà.' Kò gbójú sókè. Ó tún ń pè é lọ. Mo wá dìde, mo ní, 'Ọ̀jọ̀gbọ́n, ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?' Ìgbà yẹn ló tó rí mi. Ẹ̀rù bà á, Gyeong-ran. Ó ní kí n máa lọ sílé mi, kí n má yọ ara mi lẹ́nu àtiwá mọ́, máàkì mi á pé."

Wọ́n gbé báàgì kúrò lórí itan wọn.

"Ta ló fi orúkọ wọn ránṣẹ́ síjọba?"

"Èmi ni, Màámi."

Ìyá mi wò mí bí ẹni tó ṣìlẹ̀kùn wọlé.

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ṣe ìṣirò kó tó jóòótọ́. Ìwọ tí mo rán níwèé, ohun tí kò sí lò ń kà!"

Ọjọ́ méjì ni wọn ò fi bá mi jẹun. Lọ́jọ́ kẹta, mo tẹ gbogbo orúkọ náà sórí ìwé, mo sàmì sí àwọn tí kò sí, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sílùú Sejong, mo lọ fún iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́. Òṣìṣẹ́ tó gbà á lọ́wọ́ mi kà á dé ìdajì, ó gbójú sókè.

"Ta ló fi eléyìí ránṣẹ́ sí wa?"

"Èmi ni."

Ó fa àga kan sún mọ́ mi, ó ní kí n jókòó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ dé. Wọ́n lé Ọ̀gá Tak, wọ́n sì gbé e lọ sílé ẹjọ́. Wọ́n ti Ẹ̀ka Ìtọ́jú Àgbàlagbà pa. Wọ́n ní kí èmi lọ jókòó sílé fóṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà wọ́n sọ mí sí ilé ìkàwé. Ìyàwó Ọ̀gá Tak pàdé mi ní ilé ìwẹ̀ gbogboògbò lọ́jọ́ kan, ó ní, "O tú ilé mi ká, ṣé ara wá tù ọ́?" Mo kó aṣọ mi, mo jáde.

Ní ti ìyá mi, ìjọba kọ̀wé pé kí wọ́n lọ máa bá ẹ̀kọ́ wọn lọ ní yunifásítì kan tó jìnnà sí wa tó ìrìn wákàtí kan nínú bọ́ọ̀sì. Èèyàn mọ́kàndínlógún ló wà ní kíláàsì yẹn. Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Nínú oṣù Kejìlá, mo ń to ìwé sórí pẹpẹ nígbà tí fóònù mi dún. Màmá ni. Ohùn wọn ń gbọ̀n.

"Gyeong-ran! Èsì ti jáde. Wọ́n gbé mi ṣubú nínú ọ̀kan!"

"Háà! Ẹ pẹ̀lẹ́, Màámi."

"Pẹ̀lẹ́ kí ni? Ẹnì kan jókòó, ó ka gbogbo ohun tí mo kọ, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì fi yíǹkì pupa kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò dáa tó!"

Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Mo gbé ìwé ọwọ́ mi sílẹ̀, mo wá ibì kan jókòó sí.