Agogo Irin àti Ilẹ̀ Pákó

Ọdún kejì tí wọ́n fa àsíá Dahomey sókè ni ibà tó ń mú ọrùn gan wọ Pobè. Ó pa ọmọ púpọ̀. Kò pa Rébecca, ọmọ Alphonse, ṣùgbọ́n ó gba etí rẹ̀ lọ, kò sì dá a padà. Ọmọ tó máa ń kiri àkàrà lẹ́bàá títì wá di ẹni tí wọ́n ń fà lọ́wọ́ bí afọ́jú, nítorí pé mọ́tò tó ń kó epo pupa kì í dúró bẹ ẹnikẹ́ni.

Berthe, ìyá rẹ̀, kò gbà. Àwọn dọ́kítà Porto-Novo ní kò sí ohun tí àwọn lè ṣe. Berthe ní ẹnu èèyàn nìyẹn, kì í ṣe ẹnu Ọlọ́run. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọmọ lọ sí Sakété, sí ìjọ aláṣọ funfun tí Marguerite, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ń lọ. Inú ilé kan tí wọ́n máa ń kó ekùrọ́ sí láyé òyìnbó ni ìjọ náà ti ń sìn. Pákó ni ilẹ̀ ibẹ̀, wọ́n sì gbé e sókè díẹ̀ kí ọ̀rinrin má ba ekùrọ́ jẹ́. Àjákù irin rélùwéè tí wọ́n so mọ́ òpó àárín ilé ni agogo wọn. Bàtà kì í sì í wọ ibẹ̀: bó o jẹ́ ọba, bó o jẹ́ kọmandáǹ òyìnbó, ẹnu ọ̀nà lo máa bọ́ ọ sí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, wọ́n lu agogo náà, Rébecca tó kọjú sí ògiri sì yí padà wìrì, ó rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún un lù, ó tún yí padà. Gbogbo ìjọ bú sí orin. Léon, aṣíwájú ìjọ, ní kí Berthe wá jẹ́rìí ìwòsàn náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Marguerite tilẹ̀ ti ra àwo àkàrà tuntun sílẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ kejì ẹ̀rí, ọmọ á máa kiri fún òun lójú títì Sakété.

Inú Alphonse, tó wà láàárín àwọn ọkùnrin ìjọ lọ́jọ́ náà, dùn débi pé ó sunkún. Ṣùgbọ́n ayọ̀ náà kò pẹ́. Òun ló ń ṣọ́ ẹ̀rọ iná ní ọgbà ọ̀pẹ ìjọba ní Pobè. Nínú ilé ẹ̀rọ yẹn, etí kò wúlò: bó o pariwo títí ọ̀fun rẹ fi ya, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ kò ní gbọ́. Nítorí náà ni Alphonse ṣe máa ń bọ́ bàtà, táá fi àtẹ́lẹsẹ̀ mọ̀ bóyá ara ẹ̀rọ dá. Ó mọ̀ pé ohun tí à ń pè ní ariwo kò ju kí nǹkan máa gbọ̀n lọ. Agbára tó ń mú un gbọ̀n ní í rìn kiri: bó bá gba afẹ́fẹ́, etí ní í bá, bó bá gba ilẹ̀, ẹsẹ̀ ni.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ó gbé Rébecca sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ wá síbi iṣẹ́. Ó gbé kẹ̀kẹ́ dúró lábẹ́ igi máńgòrò, ó wọlé, ó ta ẹ̀rọ jí. Ariwo náà lé adìẹ kúrò lábẹ́ igi. Ọmọ náà jókòó sórí kẹ̀kẹ́, ó ń mu ọsàn rẹ̀, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Alphonse jáde, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó fà á wọ ilé ẹ̀rọ. Bí ẹsẹ̀ lásán rẹ̀ ṣe kan sìmẹ́ńtì báyìí, ó fò sókè, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ti Sakété gẹ́lẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ó ní, “Ìyá Rébecca, ọmọ yìí kò gbọ́ agogo. Pákó ló ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ ló fi ń mọ̀ ọ́n.”

Berthe kọjú sí i. “Bàbá Rébecca, ṣé ẹ ò fẹ́ kí ọmọ yín gbọ́ràn ni?”

“Mo fẹ́. Ṣùgbọ́n bí mọ́tò bá ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́?”

“Ẹni tí Ọlọ́run wò sàn, mọ́tò kan ò ní pa á. Ẹ fi ẹnu yẹn dúpẹ́, ẹ jọ̀ọ́.”

Alphonse kò bínú sí i. Ìbànújẹ́ ló mú un, ìbànújẹ́ ẹni tó mọ òótọ́ tí kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ ẹ̀rí, ilé kún fọ́fọ́, ọkùnrin lápá kan, obìnrin lápá kan. Bí Léon ṣe ní kí wọ́n lu agogo, Alphonse dìde, ó rìn lọ sáàárín àwọn obìnrin, ohun tí ọkùnrin kan kì í ṣe níbẹ̀. Wọ́n ń kùn. Ó gbé Rébecca kúrò nílẹ̀, ó gbé e mọ́ àyà.

Agogo dún, ó sì dún gan-an. Rébecca ń fi bọ́tìnnì ẹ̀wù bàbá rẹ̀ ṣeré. Wọ́n tún un lù. Bọ́tìnnì náà ló ṣì ń yí. Berthe gbé ẹnu sí etí ọmọ náà, ó pè é, ó tún un pè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Ọmọ kò wò ó.

“Ẹ gbé e sílẹ̀,” Berthe wí, ohùn rẹ̀ fẹ́lẹ́.

Alphonse gbé e sílẹ̀. Agogo dún, ọmọ yí padà, ó rẹ́rìn-ín, ìjọ kígbe ìyìn. Léon na ọwọ́ sí Berthe pé kó máa bọ̀ wá jẹ́rìí. Marguerite ń tì í lẹ́yìn: “Sọ ọ́, ọmọ ìyá mi, sọ ọ́.”

Berthe bọ́ síwájú ìjọ.

“Ẹ bá mi dúpẹ́,” ó ní. “Ibà yẹn pa ọmọ aládùúgbò mi, ó pa ti ọ̀rẹ́ mi. Tèmi wà láàyè. Ṣùgbọ́n kò gbọ́ràn. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má rán an lọ sójú títì.”

Ọwọ́ ẹni tó ń lu agogo dúró, ẹsẹ̀ tó ń jó dúró, Marguerite sì fi aṣọ bojú. Rébecca wo ilẹ̀ tí kò gbọ̀n mọ́. Ó wo gbogbo èèyàn, kò yé e. Ó wá fi gìgísẹ̀ lu pákó, ó dúró, ó tún lù ú.

Berthe ń sunkún, ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ sókè, ó fi lu pákó gbì. Ọmọ náà yí padà sí i.