Òórùn Gáàsì Lọ́jọ́ Ìrìn Àjò

Ọ̀sán ni ọkọ̀ òfurufú máa gbéra, ṣùgbọ́n láti ìdájí ni Nọ́ọ̀sì ti ń di ẹrù, tó tún ń tú u. Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Nọ́ọ̀sì nígbà tó wà ní kékeré, torí pé ó máa ń fi àkísà wé ẹsẹ̀ àga tó bá kán. Orúkọ náà mọ́ ọn lára títí tó fi di nọ́ọ̀sì lóòótọ́. Ọdún kan gbáko ló fẹ́ lọ lò nílẹ̀ òkèèrè, ní àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé, láti máa tọ́jú ọmọdé láìgba owó oṣù. Òun fúnra rẹ̀ ló yọ̀ǹda ara rẹ̀, kò sẹ́ni tó fi tipá mú un. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀: bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ nílé lẹ́yìn rẹ̀, kò ní rí ẹni tó máa di ẹ̀bi rù.

Bàbá nìkan ló máa kù nínú ilé. Ìyá ti kú. Jórinjórin ni Bàbá kó tó fẹ̀yìn tì. Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì, tó jẹ́ mẹkáníìkì, ń gbé lódìkejì ìlú pẹ̀lú ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀. Òun ló máa wá fi mọ́tò gbé e lọ sí pápákọ̀ òfurufú.

"Ṣé o ti kó aṣọ òtútù?" Bàbá ké láti pálọ̀.

"Mo ti kó o, Bàbá."

"Kó méjì. Òtútù ò mọ ẹni tó wá ṣàánú."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Ó jókòó lé àpótí lórí kó lè pa dé. Ibi tó ti ń fa síìpù ni òórùn kan ti gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ó kọ́kọ́ rò pé ọ̀dọ̀ aládùúgbò ló ti ń wá. Ó tún fà á símú. Gáàsì ni!

Kò mọ ìgbà tó dé ilé ìdáná. Òórùn náà ti kún ibẹ̀ bámúbámú. Bàbá dúró síwájú sítóòfù, ó gbé kẹ́tùlù dání, ó sì ti yọ igi ìṣáná kan, ó fẹ́ ṣá a.

"Bàbá, ẹ má ṣá a!"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó gbá a lọ́wọ́. Páálí ìṣáná fò, kẹ́tùlù ṣubú, omi dà sílẹ̀ yàà. Ó ti sílíńdà pa, ó ṣí fèrèsé, ó sì fa Bàbá lápá títí wọ́n fi dé ẹ̀yìnkùlé.

"O gbá mi," ni Bàbá wí. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ìyẹn ló sì bani lẹ́rù jù, torí ariwo ni wọ́n mọ̀ mọ́ ọn. "Ìwọ tí mo bí, o gbá mi lọ́wọ́."

Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀. "Ẹ forí jì mí, Bàbá. Gáàsì ló kún ilé! Ṣé ẹ ò gbọ́ òórùn rẹ̀ ni?"

Bàbá wo ògiri. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Bàbá, ẹ dá mi lóhùn."

"Láti ìgbà àìsàn tó ṣe mí lọ́dún tó kọjá," ló wí nígbẹ̀yìn. "N ò gbọ́ òórùn nǹkan kan mọ́. Ọṣẹ, ọbẹ̀, epo mọ́tò, bákan náà ni gbogbo wọn rí sí mi."

"Ẹ ò sì sọ fún mi? Èmi nọ́ọ̀sì?"

"Tí mo bá sọ ọ́, ṣé wàá lọ?"

Nọ́ọ̀sì dìde. "N ò lọ mọ́. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá."

"Ṣé èmi wá ni ẹ̀tẹ̀?"

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Nọ́ọ̀sì, ó gbé e mì. Inú ń bí i jù.

"Gbọ́," ni Bàbá wí. "Ìyá rẹ ṣàìsàn, o dúró. Mo fẹ̀yìn tì, o tún dúró. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti pè ọ́ síbi iṣẹ́ yìí tó o ní ó di ẹ̀yìn ọ̀la. Bí imú mi bá tún dá ọ dúró, ojú rẹ ò ní ṣeé wò fún mi mọ́."

"Bí ilé bá wá jó mọ́ yín lórí ńkọ́? Ojú ta lẹ máa wá wò?"

Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá wọn. Nọ́ọ̀sì ro ẹjọ́ náà fún un. Ẹ̀gbọ́n wọlé lọ wo ìdí sílíńdà. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti le.

"Rọ́bà rẹ̀ ti là. Bàbá, ẹ lọ kó aṣọ yín. Ọ̀dọ̀ mi lẹ ń lọ."

"Ilé tí àwọn ọmọ rẹ ti ń ké bí ẹyẹ ẹ̀gà? N ò lọ."

Nọ́ọ̀sì jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó káwọ́ lérí. "Tí Bàbá ò bá lọ, èmi náà ò lọ."

Ẹ̀gbọ́n ń wo aago ọwọ́ rẹ̀ ṣáá. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ tètè pinnu. Ọkọ̀ òfurufú ò mọ̀ pé à ń jà."

Bàbá fọwọ́ kan irin ojú fèrèsé. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ jó gbogbo irin ilé náà pọ̀, kò sì tíì sùn sílé ọmọ rí. Ó dúró títí Nọ́ọ̀sì fi rò pé kò ní yíhùn padà mọ́.

"Kọ́kọ́rọ́ ilé mi, ọwọ́ mi ló máa wà," ló wí. Ó wọlé, ó sì gbé báàgì kékeré kan jáde.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú mọ́tò. Ní pápákọ̀, Nọ́ọ̀sì tún kúnlẹ̀ láti bẹ̀bẹ̀, Bàbá sì fà á dìde. "Máa lọ, kí wọ́n má tilẹ̀kùn mọ́ ọ." Ó lọ, ṣùgbọ́n ó ń bojú wẹ̀yìn títí kò fi rí wọn mọ́.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ ní àgọ́ kó tó rí wọn bá sọ̀rọ̀ dáadáa lórí fóònù. Bàbá ò tíì gbọ́ òórùn kankan, ó sì ń ṣàròyé pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n kì í jẹ́ kóun sún mọ́ ilé ìdáná.

"Ó ṣe dáadáa," ni Nọ́ọ̀sì wí.

"Mo mọ̀ pé ẹ̀yìn rẹ̀ lo máa wà. Ṣé iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀?"

"Ó pọ̀, Bàbá."

"Lọ ṣe é, jàre."

Nọ́ọ̀sì ti fóònù bọ àpò, ó sì pe ọmọ tó kàn.