Fáírọ́ọ̀sì Kẹtàlá

Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti kú ni mo ti ń gbọ́ tí adìyẹ kan ń wúkọ́ nínú ọ́fíìsì wa. Èmi nìkan ni mò ń gbọ́ ọ. Kò sì sí adìyẹ níbẹ̀ o, àfi kọ̀ǹpútà mẹ́fà àti ẹ̀rọ amúlétutù kan tó ń kùn ṣáá.

Oko adìyẹ ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣiṣẹ́, àrùn adìyẹ ló sì pa á. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ó fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Mo gbọ́ tí nǹkan wúkọ́, mo rò pé adìyẹ ni; ẹ̀gbọ́n mi ní, "Àbúrò mi, ara mi ò yá," mo bá pa fóònù, torí iṣẹ́ wọ̀ mí lọ́rùn. Ọjọ́ kẹrin ló kú. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n gbọ́ ìyókù.

Ìyàwó rẹ̀ ti padà sí oko kan náà, torí ọmọ gbọ́dọ̀ jẹun. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń sáré wá oògùn àrùn náà. Àńtíbọ́dì kan, ìyẹn sójà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń di fáírọ́ọ̀sì mú, ni wọ́n rí lára eku. Èmi ni mò ń fi kọ̀ǹpútà pààrọ̀ àwọn lẹ́tà tí a fi ń kọ bí a ṣe tò ó sí ti ènìyàn, kí ara aláìsàn má baà lé e dànù bí àlejò tí wọn ò pè.

Mo fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, kò ku lẹ́tà eku kan. Mo gbé e fún ọ̀gá mi, tí a ń pè ní Lẹ́ẹ̀kan-sí-i lẹ́yìn rẹ̀, torí kò sí iṣẹ́ tí kì í dá padà.

"Fáírọ́ọ̀sì mẹ́tàlá ni wọ́n kó fún wa," ló wí. "Méjìlá lo fi dán an wò. Ìkẹtàlá dà?"

"Imú ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ti gbà á, sà. Mi ò lè ṣí fáìlì rẹ̀."

Kò bá mi wí. Ó fa àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Ṣí i. Mo wà níbí."

Mo ṣí i. Àńtíbọ́dì mi ń yọ̀ bọ̀rọ́ lára rẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí n fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í dá lẹ́tà eku padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di lẹ́tà kẹfà, ó dì í mú gírígírí. Fífọ̀ tí mo fọ̀ ọ́ jù ló ti bà á jẹ́.

"Yàrá àyẹ̀wò ló máa sọ òótọ́," ni ọ̀gá wí, "ṣùgbọ́n èyí la máa fi ránṣẹ́." Ó dìde, ó lọ.

Ikọ́ yẹn tún dún. Bí mo ti ṣí ọ̀kan, mo ní kí n kúkú ṣí èkejì. Mo gbé fóònù sétí.

"Àbúrò mi, ara mi ò yá. Má wulẹ̀ wá o, nǹkan yìí ń ràn. Jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ, bóyá ìwọ lo máa bá wa rí nǹkan ṣe sí i."

Lẹ́yìn náà ló wúkọ́, nítòsí, sínú fóònù gan-an. Mo mọ ikọ́ náà. Kì í ṣe ti adìyẹ rí.